Kíkọ́ Iṣẹ́ Púlọ́ńbà: Síso Páìpù Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà ló gbà pé síso páìpù pọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá yá lè mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń gba àkókò ni mímọ ohun tó ń gbé omi lọ, ohun tó ń dá a dúró, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nígbà tí omi bá ń ṣàn jáde. Torí náà, kí ẹ tó fi ọmọ yín sẹ́nu iṣẹ́ yìí, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n máa kọ́ yín níbẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọdún 3 sí 5 ló ń gbà kí èèyàn tó lè dá iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kọ́ tó pa ibi iṣẹ́ àti kíláàsì pọ̀ ló dáa jù. Ẹni tó wà ní kíláàsì nìkan kò ní mọ bí ògiri tó wọ́ ṣe ń da ìwọ̀n rú. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan lè máa ṣe irú àṣìṣe tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe títí láìmọ̀ pé àṣìṣe ni. Ẹ bi ọ̀gá tí ẹ fẹ́ lọ bá bóyá ó máa ń ṣe ilé tuntun láti ìpìlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ omi tó ń jò ló ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè lo ọdún gbọọrọ láìrí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ páìpù omi ìdọ̀tí sínú ilẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìṣirò. Ká ní páìpù kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 30, élíbò (ìsopọ̀ tó tẹ̀ bí ìgúnpá) oní-dígírì 45 méjì la sì fẹ́ lò. A ó fi 1.414, nọ́ńbà tí wọ́n ń lò fún dígírì 45, sọ 30 di púpọ̀, á jẹ́ 42.4. Ìyẹn ni láti àárín élíbò kan dé àárín ìkejì. Ibẹ̀ kọ́ la ó gé páìpù sí o. A ó yọ ìwọ̀n tó wà láti àárín élíbò dé ibi tí ẹnu páìpù máa dúró sí nínú rẹ̀, lápá méjèèjì. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní apá kọ̀ọ̀kan, páìpù tí a ó gé jẹ́ 38.4. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé àyọkúrò yìí á fi tipátipá ti páìpù tó gùn jù wọlé. Ó lè má jò lọ́jọ́ náà, àmọ́ ojú ìsopọ̀ náà wà nínú ìnira láti ọjọ́ yẹn.

Iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kọ́ jù. Omi mímu ní agbára tó ń tì í láti ẹ̀yìn: táǹkì tó bá ga ju ẹ̀rọ omi lọ ní mítà 10 ń fún un ní agbára tó tó báà 1 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Omi ìdọ̀tí kò ní nǹkan kan bí kò ṣe pé ọ̀nà rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Fún páìpù kékeré inú ilé, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí náà páìpù tó gùn ní mítà 4 gbọ́dọ̀ fi 8 rẹlẹ̀ lápá kejì. Bó bá tẹ́jú jù, ìdọ̀tí á jókòó sínú rẹ̀. Bó bá sì dagẹ̀rẹ̀ jù lábẹ́ báásìn, omi á kún páìpù náà fọ́fọ́ bó ṣe ń sáré lọ, á sì fa omi tó yẹ kó dúró nínú tráàpù (páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ báásìn) dání.

Omi inú tráàpù yẹn, tó yẹ kó jìn tó mìlímítà 50 ó kéré tán, ló ń dí òórùn lọ́nà. Bí ẹ bá fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí báásìn ìfọwọ́ wá ń dún gbúlugbùlu, tí òórùn sì tẹ̀ lé e, páìpù afẹ́fẹ́, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí omi ṣe ń ṣàn jáde, lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá kò sí, tàbí ó dí. Ẹni tí kò kọ́ ọ dáadáa á máa da kẹ́míkà sí i lásán.

Bí ẹ bá ń fi gọ́ọ̀mù so páìpù PVC (páìpù oníke), ẹ gé e kó gún, ẹ ha etí rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ fi gọ́ọ̀mù sára páìpù àti sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì (ẹnu ìsopọ̀ tí páìpù ń wọ̀), kí ẹ tì í wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀. Ẹ wá dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìdí ni pé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fún bó ṣe ń wọlé lọ, ó sì ń ti páìpù padà síta. Ẹni tó bá tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń bá ìsopọ̀ tó ti yọ díẹ̀. Bí àkókò tí wọ́n kọ sára agolo bá pé, ẹ rọ omi sí i láti ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde lókè, kí ẹ wá gbé agbára rẹ̀ dé ìlọ́po 1.5 ti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ dán PVC wò láéláé. Bó bá bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ lè pa èèyàn lára.

Ìdánwò ìwé-ẹ̀rí sábà máa ń ní ti ìwé àti ti ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ lè máa dá ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó lè gba iṣẹ́ ńlá lórúkọ ara yín, ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè ìrírí ọdún díẹ̀ sí i àti ìwé àṣẹ. Ti gáàsì tún dá dúró ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé-ẹ̀rí omi kò sì fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ọjọ́, irú páìpù, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, èsì àyẹ̀wò, àti ìbuwọ́lù ọ̀gá. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìsopọ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí téèpù ìwọ̀n hàn kedere nínú rẹ̀.