Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Dán Oje Ewé Wò Lára Kòkòrò Ibà

Nígbà tí Pelletier àti Caventou, àwọn apòògùn ará Faransé, yọ kuníìnì, oògùn ibà, jáde nínú èèpo igi cinchona ní Paris, lọ́dún 1820, kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí kuníìnì ń pa. Bí ara aláìsàn bá ti rọlẹ̀, wọ́n á ní oògùn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ibà mìíràn wà tó ń lọ fúnra rẹ̀. Ọdún 1880 ni Laveran, dókítà ará Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ní Àlgéríà. Ohun tí a bá rí la lè ka iye rẹ̀, kíkà yìí sì ni ìpilẹ̀ àyẹ̀wò.

Ara ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní canary ni dókítà Roehl ti kọ́kọ́ ń ka kòkòrò náà ní Jámánì, ní àárín àwọn ọdún 1920. Nígbà tí wọ́n rí Plasmodium berghei, kòkòrò ibà ti eku, lára eku igbó ní Kóńgò ní 1948, eku funfun gba ipò ẹyẹ. Nínú ìlànà àyẹ̀wò tí onímọ̀ Peters gbé kalẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún eku ní ẹ̀jẹ̀ tó ní mílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀, wọ́n á fún un ní oje ewé fún ọjọ́ 4, wọ́n á wá fi Giemsa pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láró, wọ́n á kà á. Ọ̀wọ́ eku kan gbọ́dọ̀ gba omi tí wọ́n fi po oje nìkan, òmíràn á gba chloroquine, oògùn tí a ti mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò náà. Láìsí méjèèjì, iye tí a kà kò já mọ́ nǹkan.

Níbi ewé qinghao, ewé ìbílẹ̀ Ṣáínà, ni gbogbo rẹ̀ ti wá le. Ìwádìí ní Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, dán an wò: lónìí ó ṣiṣẹ́, lọ́la ó kọ̀. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà nínú ìwádìí náà, padà sídìí ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, ìwé tó ti lé ní 1,600 ọdún. Ó rí i pé ríre ni wọ́n ń re ewé náà sínú omi, tí wọ́n á fún oje rẹ̀ mu. Wọn kì í sè é. Iná ló ń ba oògùn jẹ́! Ó bá fi ether, ohun olómi kan, yọ ọ́, nítorí ether ń hó ní nǹkan bí 35°C, ó sì yọ apá tó jẹ́ ásíìdì kúrò nínú oje náà, torí májèlé ló wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1971, oje nọ́ńbà 191 pa gbogbo kòkòrò tó wà lára àwọn eku náà. Oògùn náà pọ̀ nínú ewé ju inú igi rẹ̀ lọ.

Ní 1976, àwọn onímọ̀ Trager àti Jensen rí ọ̀nà láti máa sin kòkòrò ibà ti èèyàn nínú abọ́, oje tín-ínrín sì tó fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n abọ́ náà ń tanni jẹ. DMSO, ohun olómi tí a fi ń yọ́ oje, lè pa kòkòrò fúnra rẹ̀ bó bá pọ̀. Ewé tó ń hó bí ọṣẹ sì ní saponin, èròjà tí í fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò á kú pẹ̀lú ilé tó ń gbé. Ìdí nìyí tí a fi ń da oje kan náà sínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní kòkòrò: bí omi orí rẹ̀ bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ni ewé náà ń fọ́.