Mole ni ọ̀kẹ́ kẹ́mísírì

"Tísà, gíráàmù mélòó ni mole kan?"

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yìí ń múra WAEC. Ó mọ fọ́múlà rẹ̀ dáadáa, ó lè kà á láìmí. Mo ní, "Mole kan kí ni?" Ó dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́mísírì ti máa ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Òṣogbo níbí lójú. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n kàn rò pé ìwọ̀n ni mole ni, bẹ́ẹ̀ iye ni.

Àwọn baba ńlá wa ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, 20,000 ló ń wọ inú àpò kan, ọ̀kẹ́ sì ni wọ́n ń pe àpò náà. Bí ọ̀kẹ́ ṣe di orúkọ iye nìyẹn. Ẹ wá ka ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ sọ́tùn-ún, kí ẹ ka ọ̀kẹ́ kan hóró àgbàdo sósì. Iye wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ru ti owó ẹyọ ni ọrùn máa wọ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè pé kìlò mélòó ni ọ̀kẹ́ kan, ẹ ó bi í pé ọ̀kẹ́ kí ni.

Iye tí mole dúró fún ni 6.02 × 10²³. Kọ 602, kí o to òdo 21 tẹ̀ lé e. Mole kan átọ̀mù (ẹyọ tó kéré jù lọ nínú ohun kan) kábọ́ọ̀nù, iye yẹn ni. Mole kan mólékù (átọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ra) omi, iye yẹn náà ni. Ohun tó mú un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé átọ̀mù kéré kọjá sísọ, a sì gbọ́dọ̀ kó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ jọ kí òṣùwọ̀n tó lè mọ̀ pé nǹkan wà lórí òun. Mole kan omi, gíráàmù 18 péré, kò kún ṣíbí ìjẹun méjì. Nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 50cl kan, mole omi bíi 28 ló wà níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí iye kan náà fi ń wúwo jura lọ? Ẹ jẹ́ ká wo inú átọ̀mù. Prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù há mọ́ra wọn láàárín, àwọn ló kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìwúwo. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà níta, ó sì fúyẹ́ débi pé prótọ́ọ̀nù kan wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 1,836. Iye prótọ́ọ̀nù ló ń fún átọ̀mù lórúkọ: 6 ni kábọ́ọ̀nù, tó bá di 7, náítírójìn ni. Sódíọ́ọ̀mù ní prótọ́ọ̀nù 11 àti niútírọ́ọ̀nù 12, àpapọ̀ 23. Ọ́síjìn ní 8 àti 8, àpapọ̀ 16. Háídrójìn ní prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Nítorí náà kọ́sítíìkì sódà, tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, jẹ́ 23 + 16 + 1, ìyẹn 40. Gíráàmù 40 rẹ̀ ni mole kan. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan iye mole kó lè bọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ti kilorínì máa ń dààmú àwọn ọmọ, torí 35.5 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ìdajì niútírọ́ọ̀nù wà ni? Kò sí. Nínú átọ̀mù kilorínì mẹ́rin, bíi mẹ́ta ní niútírọ́ọ̀nù 18, ọ̀kan yòókù ní 20. Ìwọ̀n wọn jẹ́ 35 àti 37, àpapọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 35 lọ́nà mẹ́ta àti 37 kan, tí a pín ní mẹ́rin ló fún wa ní 35.5.

Amedeo Avogadro, ará Ítálì, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iye ńlá yìí, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye náà títí ó fi kú ní 1856. Jean Perrin, ará Faransé, ló fi orúkọ rẹ̀ dá a lọ́lá ní 1909.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Ìlú aró ni Òṣogbo. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn igi tó wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi ké pé "Oṣó igbó!" Láyé àtijọ́, omi eérú ni wọ́n fi ń po aró, lóde òní, ọ̀pọ̀ aláró ń lo kọ́sítíìkì sódà. Ìyá aláró tó mọṣẹ́ máa ń fi ojú àti ọwọ́ mọ ìgbà tí aró rẹ̀ bá jinná, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn púpọ̀. Ohun tí kẹ́mísírì fi kún un ni pé, ó lè sọ iye sódà tó wà nínú omi náà gan-an.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Fi pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi, fa 25.0 cm³ omi sódà sínú ìgò, kán methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ bí ásíìdì bá ti tó, sí i, yóò pọ́n bíi yẹ́lò. Wá máa kán ásíìdì háídrókilóríkì tí o mọ agbára rẹ̀, ká ní 0.100 mole nínú 1,000 cm³, láti inú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ń fi iye omi tó jáde hàn. Ásíìdì kan ń mú sódà kan. Ìgbà tí àwọ̀ bá yí sí ti ọsàn tó pọ́n, iye wọn ti dọ́gba. Ká ní 24.00 cm³ ásíìdì ló lọ. Mole 0.0024 nìyẹn, torí náà sódà inú ìgò náà jẹ́ 0.0024. Ìlọ́po 40 ni 1,000 cm³ jẹ́ sí 25, ó di mole 0.096. Mole kan sì jẹ́ gíráàmù 40, ó já sí gíráàmù 3.84.

Ọmọ yẹn ṣe é títí dé ìdí rẹ̀, ó wá gbójú sókè: "Tísà, tó bá jẹ́ ásíìdì súfúríkì ńkọ́?" Mo ní kó ka háídrójìn rẹ̀. Méjì. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ á mú sódà méjì. Kò dúró kí n sọ ìyókù, ó ti ń kọ ọ́: 7.68.