Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Gba Ìgbìmọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wọ Iṣẹ́ Ìlú ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Shiva Rajbhandari, ọmọkùnrin ọdún 18 tí ó ṣì wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho, fi ìbò borí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú náà, ó sì gba ipò rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọmọ tí ó ní láti tọrọ àyè kí ó tó jáde nínú kíláàsì lọ́sàn-án ni yóò tún máa jókòó nírọ̀lẹ́ láàárín àwọn tí ń gba ọ̀gá àwọn olùkọ́ rẹ̀ síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tí ẹnikẹ́ni rú níbẹ̀. Ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni kò pọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àkóso ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sí ẹkùn ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 13,000. Ẹkùn kan lè ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì péré, òmíràn lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, ni ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń dìbò yàn. Iye àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, méje tàbí mẹ́sàn-án. Àní ní Los Angeles, tí ẹkùn rẹ̀ jẹ́ èkejì nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ènìyàn méje péré ni. Àṣà náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1826, òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts ti pa á láṣẹ fún ìlú kọ̀ọ̀kan pé kí ó yan ìgbìmọ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ, yàtọ̀ sí àwọn tí ń ṣàkóso ìlú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, níbi tí gómìnà ti ń yan alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò rí i pé nǹkan yàtọ̀ gan-an níbí: kò sí ẹni tí ọ̀dọ́ kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ilé ìjọba kí ó tó lè dé ipò náà.

Síbẹ̀, agbára tí ìgbìmọ̀ ń lò kì í ṣe tirẹ̀ gan-an. Ìpínlẹ̀ ni ó ni í, ìpínlẹ̀ ni ó yá a, ìpínlẹ̀ sì lè gbà á padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Texas gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Houston, ó sì fi àwọn tí ó yàn fúnra rẹ̀ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò fún nídìí iṣẹ́. Ní New York, olórí ìlú ni ó ti ń darí ilé-ẹ̀kọ́ láti ọdún 2002. Chicago wà bẹ́ẹ̀ láti 1995 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan díẹ̀ nínú ọmọ ìgbìmọ̀ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí irú ẹkùn tí òun ń gbé, nítorí pé ibòmíràn wà tí kò sí ìbò kankan láti dì.

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ń ṣe gan-an kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìgbìmọ̀ kì í kọ́ ọmọ, kì í bá olùkọ́ wí, kì í sì pinnu ìwé tí Tíṣà kan yóò kà lọ́la. Ó ń gba ọ̀gá àgbà kan síṣẹ́, ọ̀gá yìí ni ó sì ń darí gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù. Ní ọ̀pọ̀ ẹkùn, òun nìkan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ lè dá dúró tàbí lé kúrò ní tààràtà. Lẹ́yìn èyí ni ètò ìṣúná. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń wá láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ àti láti inú owó orí tí àdúgbò ń gbà, pàápàá lórí ilé àti ilẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kì í sábà mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wá. Apá tí ó pọ̀ jù nínú owó yìí ni ó ń bá owó oṣù àti ìtọ́jú òṣìṣẹ́ lọ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun bá ṣí ìwé ìṣúná tí ó nípọn bí ìwé ìtumọ̀ èdè, ohun tí ó ṣẹ́ kù tí a lè yí padà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Níbi ìwọ̀nba tí ó kù yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ tí ń kó ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, iye nọ́ọ̀sì, kíláàsì orin, àti èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ tì pa nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ ti dín kù.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni àga tí àwọn ẹkùn kan yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Maryland ni ó lọ jìnnà jù nínú èyí. Ní Káúńtì Montgomery (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀), àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kékeré àti àgbà fúnra wọn ni ó ń dìbò yan ẹnì kan láàárín ara wọn lọ́dọọdún, òfin ìpínlẹ̀ sì ti fún un lágbára díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé ó lè dìbò lórí ìṣúná àti lórí títi ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó, ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò ní ka nǹkan kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tóbi ju bí ó ti jọ lọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Káúńtì Howard, ní Maryland kan náà. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, àwọn àgbà méje inú ìgbìmọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì. Ìbò akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ di mẹ́rin sí mẹ́rin, àbá pé kí wọ́n padà sì ṣubú. Òbí méjì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n ní ọmọ tí kò tí ì tó ìbò dì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá a pé àga akẹ́kọ̀ọ́ náà bá òfin mu.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 lè gba ọ̀nà ìbò gbogbogbòò. Láti ìgbà tí àtúnṣe kẹrìndínlọ́gbọ̀n sí Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè náà ti sọ ọjọ́ orí ìbò di 18 ní ọdún 1971 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti gbà pé ẹni tí ó lè dìbò lè du ipò yìí pẹ̀lú, bí ó bá sáà ti ń gbé inú ẹkùn náà, tí ó ti forúkọ sílẹ̀, tí kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹkùn ọ̀hún. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Minnesota, ẹni ọdún 18 lè dìbò, ṣùgbọ́n ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí ẹni tí kò tí ì pé 21 di ipò tí a dìbò fún mú. Ní Minnesota yìí kan náà ni owó ìforúkọsílẹ̀ fún ipò yìí ti jẹ́ dọ́là méjì péré ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹkùn, owó tí kò tó ra ife kọfí kan. Níbòmíràn, ìwé tí ará àdúgbò díẹ̀ bá fọwọ́ sí ti tó. Ẹni tí ó bá mọ iye tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń gbà fún fọ́ọ̀mù ìdíje ní Nàìjíríà lè fẹ́ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó mú kí ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ ni pé àwọn àgbà kì í kà á sí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kì í sí lórí ìwé ìdìbò fún ipò yìí, nítorí náà kò sí ìdìbò abẹ́lé tí baálé ẹgbẹ́ kan lè fi dínà. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹkùn ń dì í ní ọjọ́ tí kò sí ìbò mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ti Boise tí ó bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, tí àwọn tí ń jáde wá dìbò sì máa ń kéré jọjọ. Ní irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, ìbò ọgọ́rùn-ún mélòó kan lè pinnu ẹni tí yóò wọlé. Olùdíje tí kò lówó ìpolongo lórí tẹlifíṣọ̀n lè gba àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn olùdìbò ní ọ́fíìsì káúńtì, kí ó yọ àwọn tí ó dìbò ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta tí ó kọjá sọ́tọ̀, kí ó sì máa kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ ni ó ń jẹ èyí, kì í ṣe owó. Ẹsẹ̀ ni ọ̀dọ́ sì ní. Àwọn ìlú kan tún ti sún ìlà ìbò fúnra rẹ̀ sísàlẹ̀: àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Berkeley àti Oakland, ní California, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àti ní Newark, ní New Jersey, ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Bí ẹni náà bá wọlé, ó búra, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ bí Texas àti New Jersey fi dandan lé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni pé òun nìkan kò lágbára kankan. Bí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́sàn-án, tí ó rí i pé òrùlé ń jò, kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó tún un ṣe. Yóò bi ọ̀gá àgbà léèrè, tàbí kí ó mú un wá sí ìpàdé. Agbára ìgbìmọ̀ kò sí níbòmíràn ju inú ìpàdé tí a kéde tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tí iye ọmọ ìgbìmọ̀ tí òfin béèrè bá ti pé.

Òfin ìpàdé gbangba ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dẹ páńpẹ́ fún ọ̀dọ́. Ti California ti wà láti ọdún 1953, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà sì ní tiwọn: àwọn tí ó ju ìdajì ọmọ ìgbìmọ̀ lọ kò gbọdọ̀ jọ jíròrò ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ níkọ̀kọ̀, ìbáà jẹ́ nínú yàrá tàbí lórí fóònù. Bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kan bá wà, tí ọ̀kan nínú wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi ẹnì kejì bí yóò ṣe dìbò, tí ẹnì kejì sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kẹta, mẹ́ta nínú márùn-ún ti ṣèpàdé nìyẹn láìjẹ́ pé wọ́n pàdé, ó sì lè di ẹjọ́. Fún ẹni tí ó ti mọ́ lára láti parí ọ̀rọ̀ gbogbo lórí WhatsApp kí a tó jókòó, òfin yìí ń ni í lára gidigidi.

Ìpàdé náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí kò ní àríyànjiyàn, bí owó tí a san fún àwọn agbaṣẹ́ṣe àti orúkọ olùkọ́ tuntun, ni wọ́n ń kó pọ̀ fún ìbò kan ṣoṣo, ọmọ ìgbìmọ̀ kan sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a fa ọ̀kan yọ kúrò níbẹ̀ kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó bá kan ará ìlú, ẹnì kọ̀ọ̀kan a máa ní bí ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, aago á sì máa ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kì í sábà fèsì, nítorí pé ohun tí kò bá sí nínú ètò ìpàdé tí a kéde, wọn kò lè jíròrò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òbí tí ó sunkún tí kò sì rí ìdáhùn yóò rò pé òkúta ni wọ́n. Ìbò lórí ọ̀rọ̀ tí ó pa á lẹ́kún lè má wáyé títí di oṣù tí ń bọ̀.

Owó kọ́ ni ènìyàn ń wá dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ kì í gba kọ́bọ̀, àwọn mìíràn ń gba owó díẹ̀ fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Los Angeles yàtọ̀: láti ọdún 2017, ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ń gba ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún.

Ọ̀nà tí ó jáde láti ibẹ̀ ti gbé àwọn kan jìnnà. Jimmy Carter, tí ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ bí ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó bọ́ sínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Káúńtì Sumter, ní Georgia, ní ọdún 1955. Nígbà tí ó di alága, ó ṣe agbátẹrù ètò láti da àwọn ilé-ẹ̀kọ́ káúńtì náà pọ̀ mọ́ ti ìlú Americus, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò kọ ètò náà, lákòókò tí ọ̀rọ̀ kíkó ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1962, ó du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó sì wọlé. Richard Lugar pẹ̀lú jẹ́ ẹni ọdún 32 ní 1964 nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Indianapolis. Ní 1967 wọ́n dìbò yàn án ní olórí ìlú náà, lẹ́yìn náà ó lo ọdún mẹ́rìndínlógójì ní ilé aṣòfin àgbà ní Washington.

Ohun tí ó sábà máa ń mú ọ̀dọ́ kúrò lórí àga rẹ̀ kì í ṣe ìbò. Sáà mẹ́rin-mẹ́rin ọdún ni ó wọ́pọ̀, ẹni tí ó sì wọlé ní ọdún 18 lè rí àyè ní yunifásítì tí ó jìnnà kí sáà náà tó dé ìdajì. Bí ó bá kó kúrò nínú ẹkùn náà ní tòótọ́, òfin ìbùgbé ti lé e kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó kù ni ó ń yan ẹni tí yóò parí sáà náà: wọn á kéde pé àyè ṣí, wọn á ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà wá, wọn á fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́nu wò ní gbangba, wọn á sì dìbò lórí rẹ̀. Ìgbà púpọ̀ wà tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta péré ń kọ lẹ́tà náà, ọjọ́ tí gbígba lẹ́tà yóò parí sì máa ń wà lára ògiri ọ́fíìsì ẹkùn, nínú ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ètò ìpàdé tí ó ń bọ̀.