Ewú Irin: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfági Àtijọ́, àti Ìjà Tí Mo Ń Bá Àwọn Oní-"Pàtínà" Jà

Ẹni tó bá tún kọ "pàtínà" síbi tí ojú mi lè tó o, ìjà ló ń wá. Àwọ̀ tó máa ń bo ojú irin bí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ń rí i nínú ìkéde ọjà, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra irinṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá káfíńtà ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ láti lọ tà á fún àwọn olówó tó ń kó ohun ayé àtijọ́ jọ. "Pàtínà rẹ̀ ṣì pé dáadáa, ọ̀gá." Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á ní kí ẹ ṣáà wò ó, ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń fi í polówó kò lè là yé ẹni tó fẹ́ rajà, ariwo lásán ni.

Àwọn tó fẹ́ fi tipátipá sọ ọ́ di Yorùbá ló wá tún ba nǹkan jẹ́ jù. Ọ̀kan pè é ní "ìpẹtà rere". Ìpẹtà rere kẹ̀! Ohun tó ń jẹ irin ni ìpẹtà, níbo ni rere ti wọ̀ ọ́? Òmíràn, tó dà bí ẹni pé ó kàwé jù wá lọ, kọ ọ́ báyìí: "àyípadà àwọ̀ ojú irin nípasẹ̀ ọjọ́ pípẹ́". Kó tó pè é tán, oníbàárà ti dé ìsọ̀ kejì. Àwọn tó ń pè é ní "àwọ̀ ogbó" sàn díẹ̀, mi ò ní fa aṣọ wọn ya, ṣùgbọ́n kí ni kì í ní àwọ̀ tó bá gbó? Aṣọ tó ṣá ní àwọ̀ ogbó. Páànù tó jò ní àwọ̀ ogbó. Orúkọ yẹn kò sọ bóyá kí n nù ún kúrò tàbí kí n fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ẹni tó di ìfági lọ́wọ́ fẹ́ mọ̀.

Ewú irin ni mo ń pè é. Ẹ gbé ewú sí ẹ̀gbẹ́ làpálàpá. Orí kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, méjèèjì ló sì ń yí ìrísí orí padà. Ṣùgbọ́n làpálàpá ń jẹ awọ orí, ó ń tàn ká, ẹni tó bá ní in yóò wá oògùn sí i kíákíá. Ewú kì í jẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti hù, ó hù náà nìyẹn, orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ le koko, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ìpẹtà pupa ni làpálàpá irin. Àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́lẹ́, tó ń dán díẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ irin gírígírí, ìyẹn ni ewú rẹ̀.

Ohun tó fà á kò le. Atẹ́gùn àti omi ló ń bá irin ṣe é. Ìpẹtà pupa máa ń rí wúruwùru, ó ń fa omi mọ́ra, omi yẹn sì ń wọlé jẹ irin sí i. Ewú fún pọ̀ mọ́ra, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, òróró ọwọ́ káfíńtà àti oje igi sì ti wọ inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà lójú ìfági yín, ẹ rẹ àkísà funfun sínú kẹrosíìnì, ẹ fi nù ún, kí ẹ wo àkísà náà. Bí ó bá pọ́n, tí nǹkan kíkúnná sì ń bá a wá, ìpẹtà ni. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú irin náà: bí ó bá ń já lọ geere láìkọ́ ibì kankan, ewú lẹ ń fọwọ́ kàn yẹn.

Àwọn alátakò mi kò sùn. Wọ́n ní funfun ni ewú, dúdú ni ohun tí mò ń sọ, báwo ni mo ṣe so wọ́n pọ̀? Mo ní iṣẹ́ ohun náà ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ, n kò wo àwọ̀ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ènìyàn ló ń hu ewú, irin kì í hu ú. Ṣé ènìyàn ni tábìlì tó fi ní ẹsẹ̀? Ṣé a kì í sọ pé ẹnu ìfági ti fẹ̀ jù, pé ojú abẹ ti ṣá? Irin tó ti ní ẹnu, ẹ jẹ́ kó hu irun. Wọ́n tún ní bí èèyàn bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "ewu" ni yóò kà, jìnnìjìnnì á sì bo oníbàárà. Ẹ fi àmì sí i! Ta ló ní kí ẹ máa kọ Yorùbá níhòòhò? Ọ̀kan tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Èkìtì ni, pé àwa tó ń pe ilé ní ulé kì í jẹ́ kí èdè dúró síbì kan. Òun náà ni kò rí ohun tó burú nínú "pàtínà".

Ó yẹ kí n dé ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ìfági onírin ti àtijọ́ ṣì pọ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ àwọn bàbá wa: ti ilé iṣẹ́ Stanley láti Amẹ́ríkà tàbí ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti ilé iṣẹ́ Record, láti Sheffield bákan náà. Leonard Bailey ló ronú irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ Stanley sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1869. Ọdún 1931 ni Record tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Bàbá á wá kú tàbí kí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ á ṣí àpótí, wọ́n á rí irin dúdú kan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì ṣe ni kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó fi ẹ̀rọ lọ ọ́ kó dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè iye tó jẹ́.

Ẹ wo èwo ló wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ìwọ̀n wọn mọ̀: èyí tó gùn tó ínṣì 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nọ́ńbà 4 ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní jáàkì, tó jẹ́ ínṣì 14, nọ́ńbà 5 ni. Wọ́n ṣe méjèèjì yìí lọ rẹpẹtẹ kárí ayé, owó tó máa sọ yín di olówó kò sí lórí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ayélujára kó sí yín lórí. Stanley nọ́ńbà 1 ni àwọn olùkójọ ń lé kiri, kò ju ínṣì márùn-ún àbọ̀ lọ, ẹni tó bá sì bá a pàdé nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó dì í sínú aṣọ, kó má fi omi kàn án. Ewú tó wà lára rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń san owó lé. Bí ẹ bá ti ha á kúrò, kò sí ẹni tó lè dá a padà, ojú olùkójọ sì máa ń mọ irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sáńpépà bó.

Èyí mú mi rántí àwọn tó ń rí "APR-19-10" tí wọ́n dà mọ́ irin ìfági Stanley, níwájú ọwọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á sì pariwo pé ọdún 1910 ni wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n gba àṣẹ lórí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣì ń da déètì kan náà mọ́ ọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà 4 tàbí 5, ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ìsán, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, nítorí pé irin tí wọ́n yọ́ dà ni, bí ó bá bọ́ sórí kọnkéré ó lè sán. Èyí tó bá ti sán níbẹ̀, ẹ yọ abẹ àti ìdè rẹ̀ fún òmíràn, kí ẹ ta ìyókù fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí ara rẹ̀ bá pé, ẹ yọ abẹ, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu. Ibẹ̀ ni ewú kò ti ní àǹfààní kankan. Irin gbọ́dọ̀ mọ́ níbẹ̀ títí tí yóò fi dán, torí pé ojú méjì tó pàdé ni mímú. Bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀, bí ẹ pọ́n ọn títí di alẹ́, yóò máa fa ìlà sára pákó ni. Ẹ lọ ọ́ kọjá ihò náà, tàbí kí ẹ ra abẹ mìíràn. Ìrókò kò sì ní bá yín ṣeré: a máa ní òkúta funfun nínú, bí abẹ bá kọlù ú, eyín ló máa ká.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tó fi ń rìn lórí pákó, ẹ fi sáńpépà sórí gíláàsì tó tẹ́, kí ẹ fà á lórí rẹ̀. Iwájú, àyíká ẹnu àti ẹ̀yìn ni kó kan gíláàsì. Àwọn kan máa ń fà á títí gbogbo rẹ̀ á fi dán gbinrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ọjọ́ wọn ṣòfò. Ẹ fi àbẹ́là pa á díẹ̀, yóò máa yọ̀ lọ.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́, àti orí rẹ̀? Ẹ fi kẹrosíìnì àti wáyà tó rọ̀ nu ìpẹtà tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ó tán. Ẹ má rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà bí ẹ bá ń ro títà. Kíkan rẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀, yóò kó ìpẹtà àti ewú lọ pọ̀, irin á sì kù ráúráú bí eérú. Ẹ má sì fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fi kun mọ́tò kùn ún. Ẹni tó kun ewú kò padà di ọmọdé, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àsọdùn ni mò ń sọ, ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ó wọ àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù lójú, Ògògà kò gbà láti tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Igi nìyẹn, irin lèyí, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú ilẹ̀kùn náà kó lè mọ́ díẹ̀, kí ẹ wá wo bí wọn yóò ṣe tì yín jáde.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá dúró níwájú yín, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ fọ ìfági náà kó dán kí òun tó sanwó, ẹ fọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ gba iye tí wọ́n ń ta irinṣẹ́ àlòkù. Iṣẹ́ ló fẹ́ lọ fi ṣe. Èyí tó bá gbé e yẹ̀ wò, tó fi ìka wọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, òun ni kí ẹ bá náà á dáadáa.