Bọ́ńgálò tó fẹ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ rìn yíká àdúgbò èyíkéyìí n'Íbàdàn tàbí Ìkòròdú, ẹ ò ní ṣàì rí bọ́ńgálò kan tí rọ́ọ̀dù mẹ́rin mẹ́rin yọ jáde lórí pílà iwájú ẹ̀, ó ti dípatà, ẹyẹ ń bà lé e, àwọn ayálégbé ti so okùn mọ́ ọn láti máa sá aṣọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí rọ́ọ̀dù yẹn ń wí: ilé yìí ń bọ̀ wá di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tówó tán. Bàbá ti wá fẹ̀yìn tì tàbí kó ti sùn, àwọn ọmọ náà ti bímọ, ilẹ̀ ti gbówó lórí, ni wọ́n bá ní ṣebí rọ́ọ̀dù wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ́ òkè. Ojú gbogbo wọn á wá wà lókè níbi rọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ti ìwé àṣẹ ò gùn. Òkè ní àṣẹ tiẹ̀, èyí tí Bàbá gbà fún bọ́ńgálò ò bò ó, l'Ékòó àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LASPPPA ló ń fọwọ́ sí pláànù, èkejì ẹ̀, LASBCA, ló ń wá wo iṣẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní tiwọn. Ó tán.

Gbólóhùn tó máa ń bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nínú jù ni èyí tí bíríkìlà á sọ, tí àbúrò bàbá kan á sì gbè é lẹ́sẹ̀: "Ilé yìí ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ògiri kan ò lanu ńbẹ̀, ìpìlẹ̀ ẹ̀ le koko, ó máa gbé e." Ọgbọ̀n ọdún yẹn, kí ló gbé? Páànù, igi òrùlé, àti sílìn. Ẹni tó ti ń dé fìlà fún ọgbọ̀n ọdún tí ọrùn ò dùn ún rí, ṣé ìyẹn wá ní kó lọ máa ru àpò ìrẹsì ni? Kò sẹ́ni tó dán ilé yẹn wò rí. Ó dúró torí wọn ò tíì gbé nǹkan lé e.

Ẹ jẹ́ ká wọn òkè náà wò. Kọnkéré tó bá kún àpótí tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, mítà kan ní gíga, á wọn bíi kílò 2,400. Yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó, 12 níbùú, tẹ́ ẹ bá da dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ òkè oníkọnkéré, tó nípọn tó ínṣì 6 lé e, ó ń lọ sí bíi tọ́ọ̀nù 4.9. Ẹ sọ ọ́ di sìmẹ́ǹtì, ó fẹ́ẹ̀ tó àpò 100, lórí yàrá kan ṣoṣo. Tó bá wá jẹ́ yàrá mẹ́fà, odidi tírélà tó kó àpò 600 yẹn, irú èyí tó máa ń dí ojú títì mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ti já gbogbo ẹrù ẹ̀ sórí bọ́ńgálò Bàbá. Dẹ́kìn nìkan nìyẹn o. Ògiri òkè ò tíì wọlé, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 kan lé ní kílò 20, ẹ ò tíì ka pílásítà, táìlì, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, táńkì omi, àti ọjọ́ tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ tí ọgọ́ta èèyàn á kún pálọ̀ òkè tí wọ́n á máa jó.

Gbogbo ìwúwo yìí gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dé ilẹ̀ ni. Dẹ́kìn á gbé e fún bíìmù, ìyẹn kọnkéré gbọọrọ tó wà lábẹ́ ẹ̀, bíìmù á gbé e fún pílà tàbí ògiri, àwọn yẹn á gbé e fún ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ á gbé e fún ilẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni ò rẹ́ni gbé e fún.

Ẹ wá wò ó báyìí: òde ìnáwó kan, wọ́n ta kánópì sórí pápá ilé-ìwé, òjò sì ti rọ̀ lóru. Àǹtí kan wọ bàtà gogoro, Màmá Àgbà wọ sálúbàtà. Màmá lè wúwo ju Àǹtí lọ nígbà méjì, síbẹ̀ jẹ́jẹ́ ni Màmá ń rìn lọ sídìí tábìlì wọn, Àǹtí ló ń fa ẹsẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wu iṣu. Ìwúwo kọ́ lẹjọ́, ibi tí ìwúwo ń gbà wọlẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ bàtà gogoro ò ju orí ìka lọ, gbogbo ara Àǹtí ló sì dúró lé e. Sálúbàtà fẹ̀, ó pín Màmá káàkiri. Ìdí nìyẹn tí ògiri onínṣì 9 kì í fi í jókòó sórí ilẹ̀ lásán, wọ́n á kọ́kọ́ da kọnkéré tó fẹ̀ tó ínṣì 27 sábẹ́ ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta, sálúbàtà ògiri nìyẹn, ó sì máa ń tó bọ́ńgálò lórí ilẹ̀ tó dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gbé òkè lé e, Àǹtí ti pọn ọmọ sẹ́yìn, ó tún gbé kúlà mínírà lérí, bàtà kan náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ìyẹn gan-an ò tíì burú tó ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà nínú ẹrẹ̀ tí ìkejì wà lórí sìmẹ́ǹtì. Ilé tó bá rì déédéé, kí gbogbo ẹ̀ jọ wọlẹ̀ díẹ̀, ẹ lè má mọ̀ títí láé. Èyí tí igun kan bá rì tí ìyókù dúró ló ń dá wàhálà, bóyá torí apá ibì kan wà lórí ṣáláńgá àtijọ́ tí wọ́n dí, apá kejì wà lórí ilẹ̀ pupa líle. Àǹtí á fì, gèlè ni gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ rí pó ti wọ́, kò sẹ́ni tó máa wo ẹsẹ̀. Gèlè ilé ni ojú fèrèsé. Ẹ á rí ìlà kan tó lanu, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, láti igun fèrèsé lọ sókè, wọ́n á pe bíríkìlà kó wá fi pílásítà dí i, wọ́n á kùn ún, oṣù mẹ́ta ó tún ti là. Gèlè ni wọ́n ń tún wé ṣáá, bàtà ṣì wà nínú ẹrẹ̀.

Nítorí náà ṣọ́bìrì ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sẹ́bàá ògiri níbi méjì mẹ́ta, pàápàá ní igun ilé, títí wọ́n á fi rí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Ibi tó dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, torí inú kòtò yẹn ni ìtàn tòótọ́ ilé wà, èyí tí Bàbá ò sọ fún yín. Ẹ á bá búlọ́ọ̀kù tí wọn ò fi kọnkéré dí ihò ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha á yanrìn á máa dà, torí wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù tó lé ní 40 nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ á rí i pé kọnkéré fẹ̀ tó ínṣì 27 níwájú ilé, tó bá dẹ̀yìnkùlé ó di 18, owó ló ti ń tán lọ. Tàbí kẹ́ ẹ rí yàrá tí wọ́n fi kún un nígbà tí ìyàwó kejì dé, tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ti ilé ńlá rí. Wọ́n á fi tépù wọn ìbú, wọ́n á wọn bó ṣe nípọn tó, wọ́n á bu ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ wò, ṣé pupa tó ki ni, ṣé dúdú tó ń fà bí ẹ̀kọ gbígbóná, ṣé omi ti ń sun. Lára ilé fúnra ẹ̀, wọ́n á gbẹ́ pílásítà kúrò lára pílà kí wọ́n lè ka rọ́ọ̀dù; irinṣẹ́ kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fi gún kọnkéré, tó máa ń ta padà, bó bá ṣe ta padà tó ni kọnkéré ṣe le tó, àmọ́ awọ ara nìkan ló mọ̀, kò mọ inú. Lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí wọ́n á bá ni pé ilé ò ní pílà rárá yàtọ̀ sáwọn tó wà níwájú fún ẹwà, búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 ló dá yàrá sọ́tọ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Ó ṣì ṣe é ṣe ṣá. Ọgbọ́n tí àwọn ẹńjiníà tó dáńgájíá máa ń dá dára púpọ̀: wọn ò ní bẹ ilé àtijọ́ pé kó gbé nǹkan kan, wọ́n á fún òkè ní ẹsẹ̀ tiẹ̀. Wọ́n á ṣí páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fọ́ igun ògiri níbi tí pílà máa gbà kọjá, wọ́n á gbẹ́ ihò fún pílà kọ̀ọ̀kan, ká ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ bá rọ̀, wọ́n á tẹ́ rọ́ọ̀dù sísàlẹ̀, wọ́n á da kọnkéré, pílà tuntun á wá gba àárín ilé jáde sókè lọ gbé bíìmù. Wọn kì í gbẹ́ gbogbo ihò náà lọ́jọ́ kan o, wọ́n á gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n á fo èkejì, torí ògiri àtijọ́ ṣì ń dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń bù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá parí, ògiri ìsàlẹ̀ á wá dà bí kọ́tìnnì lásán, ó kàn pín yàrá ni. Ilé méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kan wọ inú ìkejì. Àmọ́ ẹńjiníà ló lè yà wọ́n, ẹbí ò mọ ìyẹn: ẹ̀gbọ́n tó fowó ara ẹ̀ kọ́ òkè sórí ilé ẹbí, owó tó ná ò sọ ibẹ̀ di tiẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ ti jókòó sọ ọ́ kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́.

Ẹnìkan á dìde báyìí pé ṣebí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ti bàbá àgbà wà n'Íbàdàn títí dòní, kò ní pílà, kò wó. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè, kò sí dẹ́kìn ńbẹ̀, ògiri amọ̀ yẹn sì nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé. Ilé Bàdágìrì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, nígbà yẹn ta ló ń da dẹ́kìn onírọ́ọ̀dù? Àwọn àgbà ò gbé tírélà lérí.

Ibi dẹ́kìn gan-an, nǹkan kan péré la máa dúró lé, bálíkónì. Kọnkéré ò kọ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, fífà ni ò lè gbà, rọ́ọ̀dù ló ń bá a gba fífà. Tẹ́ ẹ bá gbé pákó lé òkúta méjì tẹ́ ẹ dúró sáàárín ẹ̀, abẹ́ ló máa ń fẹ́ là, ìdí nìyẹn tí rọ́ọ̀dù fi ń wà nísàlẹ̀ láàárín yàrá. Bálíkónì ò ní òkúta kejì. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú kẹ́ ẹ fi gbé garawa omi, orí èjìká ni á máa dùn yín, kì í ṣe abíyá. Òkè ni rọ́ọ̀dù bálíkónì gbọ́dọ̀ wà, kó sì wọ inú ilé lọ dáadáa. Wọ́n lè tò ó síbi tó yẹ láàárọ̀, kí àwọn tó ń ru kọnkéré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ojú lásán ò sì ní mọ̀ mọ́ tí kọnkéré bá ti bò ó. Lọ́jọ́ ìdàdẹ́kìn, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ dúró sí, kó gbàgbé jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ń pín.

Ní ti rọ́ọ̀dù tí Bàbá fi sílẹ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ wò. Tí ìpatà bá ṣẹ́ kúrò tí irin ṣì pé, wọ́n lè so tuntun mọ́ ọn, kí méjèèjì jọ rìn fún bí ẹsẹ̀ bàtà 2. Àmọ́ nílé tí òkè ti ní ẹsẹ̀ tiẹ̀, kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Áyọ́ọ̀nù bẹ́ńdà á fi hákísọ̀ gé e, ẹni tó ń ti ọmọlanke ra irin àlòkù kiri á gbé e lé òṣùwọ̀n, àwọn ayálégbé á lọ wá ibòmíì so okùn aṣọ wọn mọ́.