Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ohùn Méjì Tí Skeeter Davis Fi Kọrin

Mary Frances Penick ni orúkọ àbísọ Skeeter Davis, akọrin country, ìyẹn orin ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Bàbá rẹ̀ àgbà ló pè é ní Skeeter, orúkọ tí àwọn ará ìgbèríko ibẹ̀ ń pe ẹ̀fọn, nítorí pé ọmọ náà kì í jókòó sójú kan. Ẹ̀fọn yìí kan náà ni àwa ń pè ní yànmùyánmú, tó jọ pé ìró rẹ̀ ló bí orúkọ náà. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùn sí létí kò lè gbàgbé rẹ̀. Orúkọ náà yẹ Skeeter gan-an.

Orúkọ kejì ló gba àfarabalẹ̀ jù. Davis kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Betty Jack Davis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló ni ín. Àwọn méjèèjì jọ ń kọrin, wọ́n sì pe ara wọn ní The Davis Sisters bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Betty Jack ló ń lé orin, Skeeter ló ń gbè é. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ lanu, nínú ilé àti lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, títí tí Skeeter kò fi lè gbọ́ orin kan mọ́ kí ó má mọ ibi tí ègbè rẹ̀ yóò gbà. Ó dá mi lójú pé ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ RCA Victor gbé orin I Forgot More Than You'll Ever Know tí àwọn méjèèjì jọ kọ jáde. Ní oṣù Kẹjọ, bí wọ́n ṣe ń ti òde eré bọ̀, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí ìlú Cincinnati. Betty Jack kú, Skeeter sì fara pa gidigidi. Lẹ́yìn ikú náà ni orin wọn gun ipò kìíní lórí àtẹ orin country, tó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀. Georgia, ọmọ ìyá Betty Jack, bọ́ sí ipò olóògbé títí di 1956.

Nígbà tí Skeeter wá ń dá kọrin lọ́dọ̀ Chet Atkins, tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, òun ló ń lé orin, òun náà ló sì ń gbe ara rẹ̀: yóò kọ ohùn kan sórí téèpù, yóò sì fi èkejì lé e. Àwọn kan ní ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ lásán ni, pé akọrin mìíràn, Patti Page, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó kú ni Patti Page ń fi ohùn kejì rọ́pò. Èmi gbà pé àyè Betty Jack ni Skeeter ń dí, bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó kú kí èyí tó kù má bàa dá wà.

Ní 1963, orin Skeeter tó ń jẹ́ The End of the World, tí Sylvia Dee kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrántí ikú bàbá Sylvia fúnra rẹ̀, dé ipò kejì lórí àtẹ country àti lórí àtẹ gbogbogbòò ti ìwé ìròyìn orin Billboard. Orin rẹ̀ mìíràn, I Can't Stay Mad at You, dé ipò keje lórí àtẹ gbogbogbòò lọ́dún kan náà, Skeeter kò sì tún wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbẹ̀ mọ́. Grand Ole Opry, ètò orin country olókìkí ní Nashville, dá a dúró fúngbà díẹ̀ ní 1973 nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí pèpéle nípa àwọn ọlọ́pàá tó mú àwọn oníwàásù ojú pópó, ó sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó kú ní Nashville ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, lẹ́ni ọdún 72, orúkọ ìdílé Betty Jack ni ó sì ń jẹ́ lórí pèpéle títí dọjọ́ náà.