Bí Àwòrán Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Fi Ìyípadà Ojú Ilẹ̀ Hàn

Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì tí a wá mọ̀ sí Landsat 1 lọ sí òfúrufú, àwọn tó tẹ̀lé e kò sì tíì dáwọ́ àwòrán yíyà dúró títí di òní. Landsat 8, tí wọ́n gbé lọ ní ọdún 2013, àti Landsat 9, tí wọ́n gbé lọ ní ọdún 2021, ń yí ayé po láti òkè tó ga tó kìlómítà 705. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń padà sórí ibì kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 16, nítorí náà, bí a bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, ọjọ́ 8 ni ó máa ń wà láàárín àwòrán kan àti èkejì. Láti ọdún 2008 ni àjọ USGS, tó ń ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ti ṣí gbogbo àkójọ àwòrán wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Lẹ́kì ṣe rí kí ilé tó bo ibẹ̀, tàbí ibi tí igbó Ọ̀mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn gbòòrò dé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, fi lè wò ó fúnra rẹ̀.

Iye ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ilẹ̀ dá padà ni sátẹ́láìtì ń wọ̀n, ó sì ń wọn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú ènìyàn kò lè rí. Àwòrán Landsat pín ojú ilẹ̀ sí píksẹ́lì, ìyẹn igun mẹ́rin kéékèèké tó gùn ní mítà 30 tó sì fẹ̀ ní mítà 30, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀ nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ewé tútù máa ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu láti fi ṣe oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń da infrared padà lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí omi máa ń gbé infrared mì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní NDVI, èyí tó ń fi bí ewé tútù ṣe pọ̀ tó níbì kan hàn: a ó yọ iye pupa kúrò nínú iye infrared, a ó sì fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Bí infrared bá jẹ́ 0.45, tí pupa jẹ́ 0.05, èsì rẹ̀ jẹ́ 0.8, èyí tó ń tọ́ka sí igbó tó tutù yọ̀yọ̀. Bí infrared bá jẹ́ 0.30, tí pupa jẹ́ 0.25, èsì náà kò tó 0.1, ó sì ṣeé ṣe kí ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, iyanrìn tàbí òrùlé páànù.

Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ohunkóhun nípa ìyípadà. Ìfiwéra ló ń sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ sì ti le jù, nítorí kí a tó gbà pé ilẹ̀ ló yí padà, a gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kì í ṣe ìgbà ni ó yí padà. Ẹni tó bá fi àwòrán Òkè-Ògùn ti oṣù Kẹjọ ọdún 1990 wé ti oṣù Kìíní ọdún 2020 yóò rò pé ìparun ńlá ti dé bá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lásán ni ó gbẹ koríko àti ewé. Oṣù kan náà ni ó yẹ kí a fi wé ara wọn. Ní gúúsù Nàìjíríà, ìkúukùu máa ń bo ojú ọ̀run ní àkókò òjò débi pé àwòrán tó mọ́ kì í pọ̀ àyàfi láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, àkókò tí eruku ọyẹ́ àti èéfín igbó sísun tún máa ń ba àwọ̀ jẹ́. Àwọn sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù ń lo rédà tó ń la ìkúukùu kọjá, ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni àkọ́kọ́ nínú wọn lọ sókè, wọn kò sì lè sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Lẹ́yìn tí a bá ti rí àwòrán tó bára mu, ẹni tó mọ ilẹ̀ náà yóò fi àpẹẹrẹ han kọ̀ǹpútà, pé ibi báyìí jẹ́ omi, ibi báyìí jẹ́ àbàtà, igbó, oko tàbí ilé. Kọ̀ǹpútà yóò wo iye àwọ̀ àwọn àpẹẹrẹ náà, yóò sì fi pín gbogbo ìyókù. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, a ó sì ka iye ilẹ̀ tó kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ní Lẹ́kì, èyí kò ṣòro púpọ̀, nítorí àbàtà, iyanrìn tí wọ́n dà sí i àti òrùlé ilé kò jọra lójú sátẹ́láìtì. Síbẹ̀, àṣìṣe máa ń gorí ara wọn. Bí máàpù ọdún àkọ́kọ́ bá tọ̀nà ní ìdá 85 nínú 100, tí ti èkejì náà rí bẹ́ẹ̀, tí àṣìṣe ọ̀kan kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ti èkejì, ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ tọ̀nà kò ju nǹkan bí ìdá 72 nínú 100 lọ. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kéde iye igbó tó run sọ èyí pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́.

Igbó Ọ̀mọ̀ ló fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Wọ́n gé apá kan igbó àdáyébá níbẹ̀, wọ́n sì gbin igi gmelina rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ gbin kòkó sí abẹ́ igi ńlá ní apá mìíràn. Tútù ni gbogbo rẹ̀ ń yọ nínú àwòrán. Ìwádìí tí Matthew Hansen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2013 sọ pé igbó tó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 2.3 kìlómítà onígun mẹ́rin ni ó pòórá káàkiri ayé láàárín ọdún 2000 sí 2012, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn yòówù tó bá ga ju mítà 5 lọ ni wọ́n kà sí igi, yálà ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín tàbí ó hù fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti yanjú èyí ni kí a tọpa píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan láti ọdún dé ọdún, dípò kí a mú ọdún méjì péré. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí, NDVI rẹ̀ yóò wálẹ̀, kò sì ní í gòkè mọ́. Ti oko tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tí wọn yóò fi tún un ṣán. Ti gmelina yóò já wálẹ̀ lójijì ní ọdún tí wọ́n gé e, yóò sì tún yára gòkè, nígbà tí igbó àdáyébá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò ní ibi tó wà. Kòkó abẹ́ igi ńlá nìkan ni ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rí mú, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọ ibẹ̀ lọ láti bi àwọn àgbẹ̀ ní ọdún tí wọ́n gbìn ín.